Oṣù Mẹ́fà Pẹ̀lú Káàdì Yẹ́lò

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Dubai kì í ṣe ooru, kì í sì í ṣe àwọn ilé gàgàrà tó ń fi orí kan òfuurufú. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n dá pásípọ́ọ̀tù mi padà fún mi.

Gbogbo ẹni tó ti lọ tó sì ti bọ̀ ládùúgbò wa ló ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá ti ń débẹ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ti múra sílẹ̀. Mo ti ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù màámi, mo sì ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú bàtà mi. Ọkùnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, Mísítà Kárímù, gbà á lóòótọ́. Ó fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó wá nà án padà sí mi, ó ní kí n tọ́jú ẹ̀ dáadáa, pé tèmi ni. Mo dúró. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu ẹ̀. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹni tó gba ìwé ẹ, o mọ ohun tó ń ṣe sí ọ. Èyí tó dá a padà ńkọ́, kí ló ní lọ́kàn? Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi sùn lé pásípọ́ọ̀tù yẹn kí n tó gbà pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá mú un.

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, bí ẹni tá ò mọ̀ bá gbé oúnjẹ wá, a máa dúpẹ́, a máa kúnlẹ̀, a máa gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n a ò ní jẹ ẹ́. Ìbéèrè á kọ́kọ́ lọ, ìbéèrè á bọ̀. Bí a bá mọ ìyá ẹni tó sè é, tí a mọ ẹni tó bí ìyá náà, ṣíbí á tó wọ inú abọ́.

Iléeṣẹ́ ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Inú ilé ńlá kan ni, ẹ̀rọ tò lọ rẹrẹ bí ọkọ̀ ní gárèjì, aṣọ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ni a sì ń fọ̀: aṣọ ibùsùn, táwẹ̀lì, àti aṣọ àwọn àlejò fúnra wọn. Ní ọjọ́ tí mo dé, wọ́n so káàdì kan mọ́ mi lọ́rùn. Yẹ́lò ni. Ẹni tó bá ní yẹ́lò ṣì wà ní ìgbà ìdánwò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní purobéṣọ̀n. Ẹni tó bá ní búlúù ti di òṣìṣẹ́ gidi, wọ́n ti kọnfáàmù rẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ níbẹ̀ gan-an, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fi yẹ́lò ṣe. Àwa tí wọ́n gbà láti òkè òkun, oṣù mẹ́fà ni tiwa. Mo bèèrè ìdí. Wọ́n ní bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, pé èmi náà fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni. Mo fọwọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Bẹẹrẹ, lórí ìdúró, nítorí pé ìyá kan ló jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ojú ìwé mọ́kànlá. Mi ò ka ju méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń wá lẹ́yìn búlúù yẹn, kó má baà dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ káàdì lásán ni. Ẹni yẹ́lò ò ní ìsinmi. Bí wọ́n bá fẹ́ kó lọ, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni wọ́n á sọ fún un. Ẹni búlúù, bó bá ti pé ọdún kan, á lọ sílé fún oṣù kan gbáko, iléeṣẹ́ ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, á sì padà wá bá iṣẹ́ rẹ̀. Mo fi ọmọ ọdún kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún màámi. Àríkẹ́ lorúkọ ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti kó lọ bá obìnrin kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kí ọmọ tó hu eyín, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ fa ìtàn yìí gùn. Bí mi ò bá di búlúù, nǹkan méjì ló kù: kí n padà sílé bí mo ṣe lọ, tàbí kí n sá wọ inú ìlú onílùú láìní ìwé, bí àwọn kan ti ń ṣe, kí n má sì fojú kan ọmọ mi títí Ọlọ́run á fi dá sí i.

Nítorí náà, mo ṣọ́ ara mi. Mo ṣọ́ gbogbo èèyàn.

Ẹni tí mo ṣọ́ jù ni Màdáámù Láta, ọ̀gá tó wà lórí wa. Ará Íńdíà ni, ó ga, ó máa ń fi bírò gún irun bí ẹni fi òòyà há a. Ní ọjọ́ kìíní tí mo kúnlẹ̀ kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀ kiri, ó rò pé nǹkan mi ló já bọ́. Ó bá mi wá a títí. Ojú tì mí láti sọ pé òun ni mò ń kí. Láti ọjọ́ náà, mo ń kí i lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ ìkíni náà a sì máa korò lẹ́nu mi. Ó ní ìwé kékeré kan tó máa ń kọ nǹkan sí. Bí mo bá rán bọ́tìnì tó já, á wò ó, á kọ nǹkan. Bí mo bá dákẹ́, á kọ nǹkan. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó yọ bírò nínú irun.

Ẹnì kejì ni Njeri, ọmọ Kẹ́ńyà tó ń sùn lókè ibùsùn mi nínú yàrá àwa òṣìṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi ṣáájú mi débẹ̀. Èèyàn dáadáa ni lójú gbogbo ayé, ohun tó sì jẹ́ kí n máa fura sí i nìyẹn. Ó máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù. "Kí ni màmá ẹ wí? Ṣé ọmọ ẹ ti ń sọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n ti pè ẹ́ fún àyẹ̀wò ara?" Ó máa ń bu oúnjẹ tó bá sè fún mi, màá ní mo ti yó. Ìròyìn kan ló ń lọ láàárín àwa oníyẹ́lò, pé wọn kì í kọnfáàmù gbogbo èèyàn, pé bó bá ti ku oṣù kan, wọ́n á wá ẹ̀sùn sí àwọn kan lọ́rùn, wọ́n á lé wọn, wọ́n á tún gba yẹ́lò tuntun. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí àyè kan bá kù láàárín èmi àti Njeri, kí ni kò ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀ mi létí Màdáámù Láta?

Màámi ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, bí ọjà bá dá, la máa ń sọ̀rọ̀. Á gbé fóònù sórí àpótí, gbogbo aládùúgbò ìsọ̀ á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi.

"Ṣé wọ́n ti kọnfáàmù ẹ?"

"Wọn ò tíì, màámi. Ó ku oṣù méjì."

"Oṣù mẹ́fà! Kí ni wọ́n ń wò lára èèyàn? Àgbò Iléyá gan-an, a kì í wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Oṣù mélòó ni wọ́n fi wò yín kí wọ́n tó kọnfáàmù yín nílé bàbá mi?"

Màámi bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí àwọn yòókù náà ń rẹ́rìn-ín. "Èmi? Ta ló kọnfáàmù mi? Àná yìí ni Jìmọ́ọ̀, tí mo ń pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí mo dé, tó ti ní ìyàwó méjì báyìí, ń ké láti ẹnu ọ̀nà pé, 'Ìyàwó wa, ẹ bá mi bu omi mu.' Mo sì bù ú! Ọgbọ̀n ọdún ó lé. Mo ṣì wà lẹ́nu purobéṣọ̀n o."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Lẹ́yìn ìgbà tí mo pa fóònù, mo ronú sí i. Ní agbo ilé wa, ẹni tí wọ́n bí kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó náà ni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Màámi lè di ìyá àgbà, ó lè sin òkú ilé náà, kó sì tọ́ gbogbo ọmọ ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, ìyàwó ni. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní kó máa lọ. Ipò ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó dúró. Èmi tí mo wà lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó ń fi ipò kankan rẹ̀ mí sílẹ̀. Màdáámù ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ń pè mí ní sísítà. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sì fi lè ní kí n máa lọ. Mi ò mọ èyí tó sàn. Mo kàn mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, ó wù mí kí ẹnì kan pè mí ní ìyàwó wa, kó rán mi ní omi.

Àríkẹ́ máa ń gba fóònù lọ́wọ́ màámi nígbà mìíràn. Bí mo ṣe ń pe màámi lòun náà ń pè é, "Màámi." Èmi, bí àwọn ọmọ ilé ṣe ń pè mí lòun náà ń pè mí, "Àǹtí." Kò burú. Ọ̀pọ̀ àkọ́bí ló ń pe ìyá wọn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ara mi léraléra. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin, mo gbọ́ tó ń bèèrè lọ́wọ́ màámi pé, "Àǹtí inú fóònù dà?" Èyí ló gún mi láyà.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ ó ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ò ní gún dé ìparí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù mi pé mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ òrùka ṣẹlẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni bàbá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ní Òkè Padre ló ti ń fọṣọ fún àwọn èèyàn, kò sì sí ohun tí kì í bá nínú àpò: kọ́kọ́rọ́, tẹ̀sùbáà, lẹ́tà obìnrin. Kì í mú un, kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Á fi abẹ́rẹ́ àti òwú so ó mọ́ ìsàlẹ̀ àpò náà lẹ́yìn tó bá ti lọ aṣọ tán, kó má baà já bọ́ lọ́nà. Bí oníǹkan bá ki ọwọ́ bọ àpò, á bá nǹkan rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Alágbàfọ̀ tó bá ń ké ohun tó bá nínú àpò èèyàn síta, ìhòòhò lonítọ̀hún ń bọ́ èèyàn sí." Èmi ni mo ń bá a fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́.

Jàlámíà funfun kan ni mo ń lọ̀ lọ́jọ́ náà, aṣọ bàbá àgbàlagbà kan tó dé sí hòtẹ́ẹ̀lì. Mo tẹ àpò rẹ̀, nǹkan le níbẹ̀. Òrùka fàdákà ni, pẹ̀lú òkúta aláwọ̀ ewé.

Mo mọ òfin. Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ kìíní: ohunkóhun tí a bá rí nínú aṣọ, kí a mú un lọ fún ọ̀gá wa, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò ní purọ́ pé mo gbàgbé. Mo gbé òrùka náà sí àtẹ́lẹwọ́, mo wo Màdáámù Láta lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú bírò rẹ̀, ọkàn mi sì wí pé: bí mo bá fún un, tó wá ní òun ò gbà á ńkọ́? Ta ni ẹlẹ́rìí mi? Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kì í ṣe ẹ̀sùn tí wọ́n ń wá nìyí?

Mo fa òwú funfun yọ lórí tábìlì tí mo ti ń rán bọ́tìnì. Mo so òrùka mọ́ ìsàlẹ̀ àpò, mo ta kókó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ká aṣọ. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni pé bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ní ọjọ́ kejì, kí n tó wọ yúnífọ́ọ̀mù tán, wọ́n ní wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì. Mísítà Kárímù wà níbẹ̀, Màdáámù Láta wà níbẹ̀, ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n yí i sí mi. Ara mi ni mo rí, láti òkè, bí ẹyẹ ṣe lè rí mi: mo gbé òrùka sókè, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo kẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Èmi gan-an wò ó, mo ní olè lèyí.

"Àlejò tó ni aṣọ yẹn sọ fún hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ pé òrùka òun sọnù," ni Mísítà Kárímù wí. "Ibo ló wà?"

"Ó wà nínú àpò rẹ̀, sà."

"Àpò ta ni?"

"Àpò aṣọ náà. Mo fi òwú so ó mọ́ ọn."

Wọ́n wo ara wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì mi ń ta kókó, mo ń fi ọwọ́ ṣe bí wọ́n ṣe ń so ó.

"Bàbá rẹ bá nǹkan oníǹkan, kò sì sọ fún un?" ni Mísítà Kárímù bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Kí ojú má baà ti onítọ̀hún ni, sà. Bí ẹ bá bọ́ òrùka ìgbéyàwó yín sínú àpò, ṣé ẹ máa fẹ́ kí alágbàfọ̀ wá kígbe ẹ̀ níwájú ìyàwó yín?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin ẹ̀ṣọ́. Mísítà Kárímù ò rẹ́rìn-ín. Màdáámù Láta ń kọ̀wé.

Wọ́n pe hòtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n wo àpò jàlámíà. Bàbá náà ti lọ, òun àti jàlámíà rẹ̀. Lẹ́yìn tó fi ẹjọ́ sùn tán ló kó ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn. Wọ́n pè é, kò gbé fóònù. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní kí n lọ jókòó ní yàrá títí wọ́n á fi gbọ́ èsì.

Mo jókòó. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì. Ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà mi pé kọjá lójú mi lórí ibùsùn, mò ń wo irin ibùsùn Njeri lókè. Nígbà tí òun fúnra ẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé, ó gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà síwájú mi. Mi ò wò ó.

"Ṣé ìwọ lo lọ sọ fún wọn?" ni mo bi í.

"Kí ni mo sọ?"

"Pé mo mú nǹkan."

"Ṣé èmi ni kámẹ́rà ni?" Njeri gbé abọ́ náà kúrò. "Oṣù mẹ́fà, o ò tọ́ oúnjẹ mi wò rí. O rò pé mi ò rí i? Èmi náà fi ọmọ sílẹ̀ o. Méjì. Mo ń bèèrè tìẹ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè tèmi."

Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó bímọ.

Màámi pè ní ọjọ́ Jímọ̀ bó ti máa ń ṣe. Mo sọ fún un pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́, pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

"Ẹnu iṣẹ́ wo? Ariwo ẹ̀rọ ò sí lẹ́yìn ẹ. Kí ló ṣe ẹ́?" Mo gbọ́ tó gbé fóònù kúrò lórí àpótí, tó rìn kúrò láàárín èrò. "Ó ku èmi nìkan. Wí."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní ohun tí bàbá mi kọ́ mi ni mo ṣe. Mo rò pé á bá mi sunkún. Kò sunkún.

"Gbọ́, ọmọ mi. Bàbá ẹ mọ ilé gbogbo ẹni tó ń fọṣọ fún. Ó mọ ìyàwó wọn, ó mọ ìyá wọn ní Yemẹtu. Bí nǹkan kan bá sọnù, ilé wa ni wọ́n máa wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á bi í. Ọkàn wọn balẹ̀ sí i, ọkàn tiẹ̀ náà balẹ̀ sí wọn, ló ṣe lè dákẹ́. Ìwọ, kí ló mú ẹ dákẹ́?"

Mo ń fi èékánná họ irin ibùsùn.

"Ẹ̀rù ni," ni màámi wí. "Má fi ẹ̀rù ẹ lé bàbá ẹ lórí. Òkú ò lè wá jẹ́rìí fún ẹ níbẹ̀. Lọ bá obìnrin yẹn, kó o sọ ohun tó wà níkùn ẹ fún un."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, láìjẹ́ pé ẹnì kan pè mí, mo lọ bá Màdáámù Láta níbi tó ti ń ka táwẹ̀lì. Orúnkún mi fẹ́ lọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo dá a dúró.

"Mà, mi ò fún yín ní òrùka yẹn nítorí pé mo rò pé ẹ máa gbé e, kẹ́ ẹ wá ní mi ò fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun tí mo rò nìyẹn."

Ó wò mí. Ojú ẹ̀ ò yí padà. "Láti ìgbà wo lo ti ń rò bẹ́ẹ̀ sí mi?"

"Láti ọjọ́ tí mo dé, mà."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ìwé yín yẹn. Mi ò mọ ohun tí ẹ ń kọ sí i."

Ó yọ bírò nínú irun. Mo ní ó ti parí. Ó gún un padà sínú irun, ó ní kí n padà sí yàrá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni èsì dé. Bàbá náà ya fọ́tò òrùka lórí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, òwú funfun ṣì wà lára ẹ̀. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ lọ kírun lòun ki ọwọ́ bọ àpò. Ó ní ẹni tó so ó fi òun ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí pé ehín lòun fi já òwú náà.

Mísítà Kárímù fún mi ní ìwé méjì lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan ń kìlọ̀ fún mi pé mo rú òfin. Èkejì ní wọ́n ti kọnfáàmù mi. Mo wo méjèèjì, mi ò gba bírò tó nà sí mi.

"Kí ló dé tí ẹ fi kọnfáàmù mi, sà?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá rẹ ti kọ̀wé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ká kọnfáàmù rẹ. Mo bi í láàárọ̀ yìí bóyá ó fẹ́ yí i padà. Ó ní rárá. Ó ní ẹni tó wá sọ fún òun lójúkojú pé olè ló ka òun sí, ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè fi nǹkan pa mọ́ fún òun mọ́."

Mo ní kó jẹ́ kí n mú ìwé náà lọ kà. Mo gbé e fún Njeri. A jókòó sórí ibùsùn mi, a kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ó ń túmọ̀ èyí tó bá le. Tirẹ̀ náà ti dé. A ka tirẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ohun tó farapamọ́ níbẹ̀, àbí bó bá wà, àwa méjèèjì ò rí i. Mo fọwọ́ sí i. Ohun kan péré ni mo bèèrè lọ́wọ́ Màdáámù Láta lẹ́yìn náà: kí ẹni tó bá mú nǹkan wá fún un máa gba pépà ẹ̀rí kan tí ọ̀gá wa fọwọ́ sí. Ó wò mí títí. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí fún wa. Mi ò tíì mọ ohun tó ń kọ sínú ìwé rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí ọdún mi pé, mo wálé fún oṣù kan.

Mo ti ro ọjọ́ náà títí, bí Àríkẹ́ ṣe máa sáré wá. Kò sáré. Ẹ̀yìn ìró màámi ló sá sí, ó ń yọjú wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo la ọwọ́. Ó ní, "Màámi, ta nìyẹn?" Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kó lọ bá ìyá ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta kò jẹ́ kí n wẹ̀ fún òun. Mo fún un ní bísíkíìtì, ó gbà á, ó gbé e lọ fún màámi kó wò ó. Lọ́jọ́ kẹrin ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò fara kàn mí. Bí mo bá dìde, òun náà á dìde. Bí mo bá lọ sí ẹnu ọ̀nà, á tẹ̀ lé mi dé ìdajì, á dúró, á máa wo bàtà mi. Mo mọ ojú tó fi ń wò mí. Èmi ni mo ni ín.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun ń kùn ún. Ó wá fúnra ẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ mi. Mi ò mí. Ojú ẹ̀ ti ń pa dé nígbà tó là á padà.

"Àǹtí, tí mo bá jí, ṣé ẹ máa wà ńbí?"

"Màá wà ńbí."

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó yíjú sí ìyá mi tó ń gé ọṣẹ lọ́nà ìloro.

"Màámi, ṣé òótọ́ ni?"